Odò Podunk

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Bá a ṣe ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́ lónìí, obìnrin kan ń ròyìn ìlú tí wọ́n ti bí ọkọ rẹ̀. Ó ní "podunk" kan báyìí ni. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ti pe ibì kan bẹ́ẹ̀, ìlú oko tí ojú ò tíì là ni wọ́n ń wí. Ẹ̀rín ò wá sí mi lẹ́nu, torí orí afárá odò Podunk gan-an ni mo ń gbà kọjá láràárọ̀, ní South Windsor, ní Connecticut níbí.

Àwọn èèyàn kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ti wà níbẹ̀ kí Òyìnbó tó dé, ló ń jẹ́ Podunk. Etí odò yìí ni ilé wọn, níbi tó ti ń ya wọ odò Connecticut. Ọ̀rọ̀ Algonquian, èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ náà, ni orúkọ yìí. Àwọn tó mọ èdè náà sọ pé ilẹ̀ irà ló túmọ̀ sí, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń rì. Ẹni tó bá rí ibẹ̀ lẹ́yìn òjò ò ní jiyàn. Ilẹ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ, bí òkúta ṣe sọ Abẹ́òkúta.

Ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, Wahginnacut, rin ìrìn àjò lọ sí Boston ní 1631. Àwọn Pequot, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn, ti há wọn mọ́. Ó bẹ John Winthrop, gómìnà àwọn Òyìnbó tó wà ní Massachusetts, pé kí àwọn Òyìnbó wá bá wọn gbé, ó ní òun á fún wọn ní àgbàdo, òun á sì máa fún wọn ní ọgọ́rin awọ bífà, ẹranko odò onírun, lọ́dọọdún. Gómìnà fún un lóúnjẹ, àmọ́ kò rán ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ táwọn Òyìnbó fi dé fúnra wọn, tí wọ́n tẹ Hartford dó. Lẹ́yìn ogun tí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá àwọn Òyìnbó jà ní 1675 sí 1676, àwọn Podunk fọ́n ká. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ní 1846, ìwé ìròyìn kan ní Buffalo ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde, ó ní láti Podunk ni wọ́n ti wá. Látìgbà náà ni orúkọ yẹn ti ń di ti ìlú ẹ̀yìn igbó èyíkéyìí, bẹ́ẹ̀ Podunk gidi wà ní Massachusetts, lẹ́bàá East Brookfield, òmíràn sì wà ní ìpínlẹ̀ New York.

Lọ́la, tá a bá tún jókòó jẹun, màá sọ fún obìnrin yẹn pé afárá kan náà lòun náà ń gbà wá síbi iṣẹ́.