Tapólì tuntun fún ọkọ̀ àtijọ́: ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tapólì, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Irú ọkọ̀ wo ni?" Ẹ má tíì dá wọn lóhùn. Ẹrù tí ẹ ń kó ló yẹ kí wọ́n bèèrè. Píjò 504 píkọ́ọ̀pù tó ti dàgbà lèmi ń wà, kòkó ni mo sì ń fi í kó láti oko Ìfẹ̀wàrà wá sí Iléṣà. Tapólì tó dáa fún sìmẹ́ńtì lè ba kòkó jẹ́.

Òjò ni gbogbo wa ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ooru náà ò ṣe é fojú di. Ẹ di àpò sọ́kọ̀ lọ́sàn-án, tí kòkó ṣì gbóná láti ibi tí wọ́n sá a sí. Ẹ fi tapólì onírọ́bà bò ó pinpin. Ọkọ̀ wá sùn síta, òtútù òru mú. Ẹ ṣí i láàárọ̀, omi á máa kán tó, tó, láti inú rọ́bà sórí àpò, òjò kankan ò sì rọ̀. Kòkó tí omi inú rẹ̀ bá ti ju nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 lọ lè bu, àpò òkè yẹn ló sì wà lójú gírédà, ẹni tó ń yẹ kòkó wò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ kánfáàsì olówùú. Ó wúwo, owó rẹ̀ ò kéré, àmọ́ ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn yọ. Bí òjò bá pa á, òwú rẹ̀ á wú, á sì dí ojú ara rẹ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí àpò kàn án nínú, torí ibi tó bá ti kàn ni omi máa gbà wọlé. Mo ní kí wẹ́dà tẹ irin bí ọrun sórí ọkọ̀, òun ló gbé kánfáàsì náà sókè.

Fún sìmẹ́ńtì, ẹ ra rọ́bà, kó tó gíráàmù 600 ní mítà kan níbùú-lóròó. Aláwọ̀ búlúù tín-ín-rín yẹn, oòrùn ló máa jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n ń tú lára pátákó ìpolówó pọ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò: olóṣèlú á máa rẹ́rìn-ín lórí ẹrù yín, ṣùgbọ́n ojú ibi tí ẹ bá ti ká a ló ti máa sán.

Àárín aṣọ kọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ ya, etí ni, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń gbá a pàtìpàtì lórí eré. Ọmọ ọ̀ṣómàáló ni wá, a kì í ra aṣọ láìfọwọ́ pa á. Ẹ yí ìṣẹ́tí rẹ̀ padà. Ṣé wọ́n ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì? Ṣé okùn wà nínú rẹ̀? Ṣé ojú ìrán méjì ló gbà á kọjá? Idẹ ni kí òrùka ẹnu ihò okùn jẹ́. Irin máa dógùn-ún, á sì máa rẹ́ okùn. Mo ní kí ẹni tó rán tèmi má jẹ́ kí òrùka jìnnà síra ju 50 sẹ̀ǹtímítà lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, owó máa gorí ẹ̀ o."

Mo ní kó gorí ẹ̀.

Ẹ tún ta aṣọ náà sí oòrùn kí ẹ wò ó látinú: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín.

Ní ti ìwọ̀n, ọkọ̀ tí ẹrù ti wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n. Tọ́ọ̀nù kan kòkó, ìyẹn àpò 16, máa ga kọjá ẹ̀gbẹ́ píkọ́ọ̀pù dáadáa. Ẹsẹ̀ bàtà tí wọ́n ń pè lọ́jà, kí wọ́n tó ṣẹ́tí ni, ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín. Kánfáàsì tún máa ń súnkì lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́. Mo ti fi àlékún sí tèmi yíká, ó sì ti fà wọlé díẹ̀ báyìí, àmọ́ ó ṣì ń bo etí ọkọ̀.