Ilé ọlọ Philipse létí odò Pocantico

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọkọ̀ ojú irin gbé mi gba etí odò Hudson dé Sleepy Hollow, lápá àríwá ìlú New York. North Tarrytown ni abúlé yìí ń jẹ́ kó tó di 1996, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà nítorí ìtàn àròsọ ẹlẹ́ṣin aláìlórí tí Washington Irving kọ nípa ibẹ̀. Ẹlẹ́ṣin ọ̀hún ni wọ́n ṣì fi ń pawó. Èmi kò bá tirẹ̀ wá. Ilé tí wọ́n ti ń lọ àlìkámà láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni mo wá wò.

Frederick Philipse, káfíńtà ará Holland, ló fi òwò là. Ní 1693 ó gba ìwé àṣẹ ọba lórí ilẹ̀ tó lọ salalu. Wọ́n sé odò Pocantico, omi ń yí kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ń yí ọlọ. Àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀ á ru ọkà wá. Ìyẹ̀fun á wọ àgbá, á gba ojú omi lọ sí New York. Òmíràn a máa dé erékùṣù Caribbean, níbi tí àwọn ẹrú ti ń gé ìrèké. Philipse yìí kan náà ló ní ọkọ̀ Charles, tó kó ẹrú lápá ẹnu odò Kóńgò ní 1685. Ó ta ènìyàn, ó tún ta oúnjẹ tí wọ́n ń fi bọ́ ẹni tí wọ́n tà.

Ta wá ló mọ ọlọ náà lò? Caesar, ẹrú. Iṣẹ́ agbára nìkan kọ́. Bí òkúta méjèèjì bá sún mọ́ra jù, ìyẹ̀fun á jó. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ọkà ò ní kúnná. Etí ló fi ń gbọ́ ọlọ, ìka ló fi ń tọ́ ìyẹ̀fun wò. Bí ojú òkúta bá sì ti dán, àfi kí wọ́n tún un gbẹ́. Ẹni tó ti lọ ata lórí ọlọ rí kò nílò àlàyé.

Adolph, ọmọ Philipse, kú ní 1750. Nínú ìwé tí wọ́n fi ka dúkìá rẹ̀, ènìyàn 23 wà níbẹ̀: Caesar, Dimond atukọ̀, Abigail, Dina, àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn náà wọ́n tú wọn ká. Ilé ọlọ tí mo wọ̀ lónìí, àtúnkọ́ ni. Owó Rockefeller, olówó Amẹ́ríkà nì, ló gba ibẹ̀ là.

Ọmọ-ọmọ Frederick Philipse tún bímọ, wọ́n sọ ọ́ ní Frederick. Ẹ̀yìn ọba Gẹ̀ẹ́sì ló wà nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà, ni wọ́n bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1779. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ra oko tí wọ́n ti ń dá. Ní ti àwọn ẹrú ìpínlẹ̀ New York, ó di 1827 kí òfin tó tú èyí tó kù sílẹ̀.