Àrùn Tí Dókítà Nìkan Kò Lè Lé Lọ

Sòbìà, àrùn aràn tó máa ń lu awọ ara jáde, kò ní oògùn, kò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, síbẹ̀ ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n wá a kiri láti abúlé dé abúlé ní 1988 sí 1989, iye àwọn tí wọ́n bá a lára wọn lé ní 650,000. Ìpínlẹ̀ Enugu ni wọ́n ti rí ẹni tó ní in kẹ́yìn ní 2008, nígbà tó sì di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fún orílẹ̀-èdè wa ní ìwé ẹ̀rí pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ìdí tí mo fi gbà pé òṣìṣẹ́ ìlera àti ará ìlú gbọ́dọ̀ jọ jókòó sídìí iṣẹ́ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sòbìà ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àrùn náà ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kòkòrò wínníwínní kan ń gbé inú omi adágún, òun ló sì máa ń gbé ọmọ sòbìà mì. Ẹni tó bá bu omi bẹ́ẹ̀ mu ti gbé àrùn wọ ara, yóò sì tó nǹkan bí ọdún kan kí aràn náà, tí ó lè gùn tó mítà kan, tó lu awọ ẹsẹ̀ jáde. Bí ó ti ń jáde ni yóò máa ta onítọ̀hún bí iná, tí yóò sì máa wá omi tútù tí yóò ki ẹsẹ̀ bọ̀ kí ara lè tù ú. Bó bá wá jẹ́ adágún tí gbogbo ìlú ń mu ló ki ẹsẹ̀ bọ̀, sòbìà a tu ẹgbàágbèje ọmọ rẹ̀ sínú omi náà, àrùn a sì tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìtọ́jú tó wà fún un kò ju pé kí a rọra máa ká a mọ́ igi tín-ín-rín lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, nítorí bó bá já sínú ara, ẹsẹ̀ a wú, a sì kẹ̀. Àwọn baba wa ti mọ èyí kí ilé ìwòsàn kankan tó dé, àwọn náà ló sì pa á lówe pé kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ta ni yóò máa sẹ́ omi nínú ilé ní àràárọ̀? Ta ni yóò sọ fún àbúrò rẹ̀ tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ pé kó má wọ adágún, tí yóò sì bá a gbé omi wá sílé kó má bàa ní ìdí láti wọ̀ ọ́? Dókítà lè ṣàlàyé, ó sì lè fún ìlú ní oògùn tí a ń dà sínú omi láti pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń pọn omi.

Ìlú Ìdèrè ní ilẹ̀ Ìbàràpá wà lára àwọn ibi tí mo ti rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́ jù. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera ìgbèríko ní Ìbàràpá, tí Ìgbò-Ọrà sì jẹ́ ibùdó rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùkọ́ni nípa ìlera láti yunifásítì náà gbájú mọ́ sòbìà ní Ìdèrè, wọ́n bá èrò kan níbẹ̀ tó ti pẹ́: ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sòbìà ti wà nínú ara gbogbo wa láti ilẹ̀, bí iṣan ti wà nínú ara. Ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ kò rí ìdí kankan láti sẹ́ omi. Wọn ì bá ti pe èrò yẹn ní àìmọ̀kan, kí wọ́n sì lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ara ògiri. Dípò èyí, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wérọ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ ìlú àti àwọn ará ahéré tó yí ìlú ká ní iṣẹ́ ìlera, kí wọ́n lè máa ṣe é láàárín àwọn ènìyàn tiwọn.

Àwọn aránṣọ ìlú ló ń rán asẹ́ omi, àwọn olùyọ̀ǹda ìlera wọ̀nyí ló sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ wo asẹ́ náà dáadáa. Aṣọ ọ̀rá ni, ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí omi ń gbà á kọjá ṣùgbọ́n tí kòkòrò kò lè kọjá. Ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ kó bo ẹnu ìkòkò omi, kó sì ṣe é dè kó má baà jábọ́ sínú omi. Ojú kan náà ni a gbọ́dọ̀ máa yí sókè nígbà gbogbo, nítorí ẹni tó bá ṣèèṣì dojú rẹ̀ dé ti fọ kòkòrò àná sínú omi òní. Irú nǹkan báyìí, ẹni tó ń pọn omi, tó ní amù nílé, ló tètè ń rí ibi tó ti lè bàjẹ́.

Àmọ́ ó yẹ kí a sọ gbogbo òótọ́. Kànga tó dára àti omi ẹ̀rọ ni ìlú tó ń mu adágún ń fẹ́, asẹ́ kò sì lè dípò rẹ̀. Inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá gbọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ń sọ pé ará ìlú ló ni ìlera wọn, tí ohun tó ní lọ́kàn sì jẹ́ pé kí ará ìlú máa ṣe ohun tí ìjọba kò fẹ́ náwó lé lórí. Àjùmọ̀ṣe tí ẹgbẹ́ kan ti ń dá ru gbogbo ẹrù ti di ìrẹ́jẹ. Ohun tó mú kí sòbìà kúrò nílẹ̀ wa ni pé apá méjèèjì ṣiṣẹ́: ìjọba, UNICEF àti iléeṣẹ́ tí Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, dá sílẹ̀ wá owó àti irinṣẹ́, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí orílẹ̀-èdè wa nígbà kan rí, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin àwọn abúlé láti bá àwọn aláṣẹ wọn sọ̀rọ̀, ẹnì kan nínú abúlé kọ̀ọ̀kan sì ń kọ orúkọ ẹni tí sòbìà yọ lára rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́.

Iṣẹ́ lórí ìfọ́jú tí eṣinṣin dúdú etí odò ń fà tẹ̀ lé irú ọ̀nà yìí, ó tilẹ̀ tún lọ síwájú sí i. Láti 1987 ni iléeṣẹ́ apoògùn Merck ti ń fi oògùn Mectizan tọrẹ fún àrùn náà, àmọ́ oògùn ọ̀fẹ́ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rin dé ahéré. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan láàárín ọdún 1990 sí 1999, Nàìjíríà wà nínú wọn, fi hàn pé níbi tí ìlú fúnra rẹ̀ ti yan ẹni tí yóò pín oògùn, tí ó sì yan ìgbà àti ibi tí wọn yóò ti pín in, iṣẹ́ náà dára tó ti ibi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti ṣètò gbogbo rẹ̀, ó tilẹ̀ sàn jù ú lọ níbòmíràn. Ọ̀pá kan tí a ti fàlà sí lára ni olùpín oògùn máa ń lò: a dúró tì í, ibi tí orí bá dé ni yóò sọ iye hóró tí yóò gbé mì. Ẹni tó bá lè kà dé mẹ́rin, tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì gbọ́kàn lé, lè ṣe iṣẹ́ yìí láìṣe àṣìṣe.

Ní ìlú kan tí èmi fúnra mi ti bá wọn ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni àwọn nọ́ọ̀sì ń wá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni wọ́n yàn. Àwọn ìyá kì í jáde. Nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn òbí ìlú náà kò fẹ́ abẹ́rẹ́. Ìgbà tí a wá pe ìpàdé ni màmá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ dìde, tó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o, ọjọ́ ọjà wa lẹ mú. Bí a bá gbé ọmọ wá síbí, ta ni yóò bá wa ta ọjà?" Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ṣé gbogbo ìgbà tí a wá ni ó jẹ́ ọjọ́ ọjà ni?" Màmá ní gbogbo ìgbà ni. Ọjà ọrọọrún ni ọjà wọn, ó sì ń bọ́ sí ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin nínú kàlẹ́ńdà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 28, mẹ́rin sì pín in ní déédé. Bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ bá ti bá ọjọ́ ọjà pàdé lẹ́ẹ̀kan, yóò máa bá a pàdé títí ayé. Wọ́n sún un sí ọjọ́ kejì ọjà, àwọn ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wá. Kò sí ẹni tó kọ abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ rí nínú wọn. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìwé tó ba orúkọ wọn jẹ́ ti dé ọ́fíìsì, mi ò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni padà lọ tún un ṣe.

Láti 1978 ni ìpàdé àgbáyé lórí ìlera tó wáyé ní ìlú Alma-Ata ní Kazakhstan ti sọ ọ́ pé ẹ̀tọ́ ni ó jẹ́ fún àwọn ènìyàn, ó sì jẹ́ ojúṣe wọn, láti kópa nínú ètò ìlera wọn àti nínú ìmúṣẹ rẹ̀. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 dé 1992, sapá gidigidi láti gbé ìtọ́jú ìlera alábọ́dé dé ìjọba ìbílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wá ti wà báyìí kí ará ìlú lè ní àyè nínú iṣẹ́ náà. Ní ibi púpọ̀, ohun tí mo rí ni pé ètò ti parí kí wọ́n tó pè wọ́n, ìbuwọ́lùwé nìkan ló kù. Àwọn ọkùnrin àgbà ló ń sọ̀rọ̀ ṣáá níwájú, àwọn obìnrin tó ń gbé ọmọ wá fún abẹ́rẹ́ sì wà lẹ́yìn. Bákan náà, a ń gbówó ọkọ̀ fún òṣìṣẹ́ tó wá láti ìlú ńlá, a ò sì ní nǹkan kan fún olùyọ̀ǹda tó fi oko rẹ̀ sílẹ̀ láti rin ahéré ká. Mo gbà pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, àti pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń kú.

Òfin ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2014 ya owó sọ́tọ̀, ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀, fún ìtọ́jú ìlera tó ṣe kókó. Apá kan nínú owó yìí yẹ kó dé ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò. Mo ń rọ ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀ pé kí ó béèrè ní ìpàdé tó ń bọ̀ pé kí wọ́n ka iye tó wọlé ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí wọ́n kà á ní Yorùbá, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rà níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí a fi èyí tó ń bọ̀ ṣe kí a tó kọ ètò rẹ̀ sílẹ̀.