Ẹ̀tanú yàtọ̀ sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà

Inú ọkàn ni ẹ̀tanú ń gbé. Ìwà ni ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ẹ wo ajẹ́ntì ilé kan ní Táńkẹ̀, n'Ílọrin. Kò kórìíra Íbò rárá, àmọ́ lánlọ́ọ̀dù ní òun ò fẹ́ wọn, ni ajẹ́ntì bá sọ fún Íbò tó wá gba ilé pé, “Yàrá ti tán, ẹ má bínú.” Robert Merton, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ya irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dún 1949: kò ní ẹ̀tanú, síbẹ̀ ó ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ìwàásù nípa ẹ̀tanú nìkan lè má yí i padà, torí kò ní in; ó lè yí padà tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà náà bá ń ná an lówó. Abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, tó lòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà, sì rèé, òfin àti ìṣe ìjọba ló ń bá wí, kì í ṣe lánlọ́ọ̀dù.

Ẹ má fi iye orí mọ ẹ̀yà tí wọ́n fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn o: aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù ní Gúúsù Áfíríkà nígbà apartheid, ìyẹn ìjọba tó fi òfin ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ sí aláwọ̀ funfun, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.