Ẹ fa gééjì gíà yín wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín pé gíà ti kú

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, torí náà tó bá gùn, ẹ fara dà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa tòkúnbọ̀ ọtọmátíìkì tó ti lé lógún ọdún, tẹ́ ẹ fi ń kó ọjà káàkiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ kúkú mọ bó ṣe ń rí. Gééjì gíà tí mò ń sọ ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tá a máa ń fà yọ láti fi wo bí ọ́ìlì gíà ṣe kù sí.

Corolla 2003 ni tèmi. Gààrí ni mo fi ń kó, láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Ṣágámù. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń ṣe mí bákan: tí mo bá fi sí D láàárọ̀, á kọ́kọ́ dúró ná bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, lẹ́yìn náà ló máa wá gbá mú lójijì. Mo sọ fún mẹkáníìkì, ó ní òtútù àárọ̀ ni. Òtútù kẹ̀, nínú oṣù kẹta! Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé n kò tètè sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tó wá dé ojú ẹ̀, a ti kọjá Ọ̀dọ̀gbolú lórí ẹ̀sípirẹ́ẹ̀sì, à ń gun òkè. Àpò gààrí kún búùtù dé ìjókòó ẹ̀yìn, ìyá ọkọ mi jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo tẹ ọkọ̀ kí n lè gòkè, ẹ́ńjìnnì pariwo, ọwọ́ RPM, èyí tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí hàn, fò kọjá 4, ọwọ́ sípíìdì sì ń já bọ̀ nílẹ̀: 80, ó di 60, ó di 40. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń pariwo sí i, kò kàn lọ ni. Mo gbójú sókè wo dígí, tírélà ló kún inú ẹ̀. Fèrè tó ń fọn yẹn, inú ikùn mi ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ìyá ọkọ mi ń pe Jésù, tó bá tún yá á yíjú sí mi, "Ìyàwó, tẹ̀ ẹ́ ná, kí ló dé tó ò tẹ̀ ẹ́?" Mo ní, "Màámi, mò ń tẹ̀ ẹ́ mà!" Ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀ mọ́tò. Mi ò lè yà sápá ọ̀tún torí ibẹ̀ ti ya wọnú kòtò, mi ò sì lè dúró sójú ọ̀nà. Tírélà yẹn ló já sápá òsì lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, atẹ́gùn ẹ̀ mi ọkọ̀ wa jìgìjìgì bó ṣe ń kọjá, kọ́ńdọ́ ẹ̀ yọrí síta, ó ń ṣépè fún mi. Ọkọ̀ ń rá dé ibi tí etí ọ̀nà ti tẹ́jú díẹ̀, ni mo bá dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò rí hásáàdì tẹ̀.

Mẹkáníìkì yìí kan náà ló dé. Ó tanná fóònù sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mi orí, ó ní, "Mọ́mì, gíà ti kú. Ká lọ ra tòkúnbọ̀ ní Ládípọ̀." Owó tó pè ju owó gbogbo ọjà tó wà nínú ọkọ̀ lọ. Mo ní, "Àbúrò, ṣé o ti fa gééjì ẹ̀ wò?" Ó ní gíà ọtọmátíìkì kì í ní gééjì. Lóòótọ́, àwọn ọkọ̀ tuntun kan ò ní in mọ́, ṣùgbọ́n Corolla 2003 ní in, ọ̀tọ̀ ni sí ti ẹ́ńjìnnì. Èmi fúnra mi ni mo fà á. Gbígbẹ! Ẹnu ẹ̀ nìkan ló tutù.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, họ́ọ̀sì tó ń gbé ọ́ìlì gíà lọ sí redíétọ̀ ló ń jò níbi kílíìpù. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n sọ páànù abẹ́ gíà tí ọ́ìlì ẹ̀ ń wà kalẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n rọ ọ́ìlì tuntun, ọkọ̀ ń lọ.

Ṣé ẹ rí i, ọ́ìlì yẹn ló ń fi agbára tẹ àwọn páálí kílọ́ọ̀ṣì pọ̀ nínú gíà, ìyẹn àwọn pẹlẹbẹ tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà. Tó bá ti kéré, atẹ́gùn ni pọ́ńpù á máa fà, agbára á lọ sílẹ̀, páálí á máa yọ̀ lórí ara wọn. Ó tún wá burú tó bá jẹ́ orí òkè, tí ọ́ìlì tó ṣẹ́kù bá sá lọ sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo gééjì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wò ó ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wa ọkọ̀ kó gbóná, kẹ́ ẹ dúró síbi tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ má pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ gbé gíà káàkiri láti P dé L kẹ́ ẹ dá a padà sí P, kẹ́ ẹ wá fa gééjì, nù ún, tì í wọlé, tún fà á. Ibi tí wọ́n kọ HOT sí ni kó wà. Tiyín bá jẹ́ Honda, pípa ni kẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó fà á. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀. Tó bá pupa, tí kò rùn, ọkàn yín balẹ̀ díẹ̀. Tó bá dúdú, tó ń rùn bíi nǹkan tó jó, páálí ti ń jó nìyẹn, ọ́ìlì tuntun ò lè dá a padà, mi ò fẹ́ tàn yín. Tó bá wá rí bíi mílíìkì tí wọ́n po pupa mọ́, omi redíétọ̀ ti wọnú gíà, ẹ má wà á mọ́ rárá.

Kẹ́ ẹ sì mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì tí ò lágbára. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí RPM fò sókè tí sípíìdì ò tẹ̀ lé e, gíà ni. Tí RPM fúnra ẹ̀ ò bá lè gòkè, ẹ lọ wo ti epo, púlọ́ọ̀gì, tàbí sàláńsà tó dí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n scan an pẹ̀lú, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò, tó bá gbé kóòdù P0750 tàbí P0755 jáde, sólínọ́ìdì (ohun oníná tó ń ṣí ọ̀nà ọ́ìlì nínú gíà) tàbí wáyà ẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Wọn ò ní sọ ìyẹn fún yín torí ìyẹn ò tó owó gíà. (Mi ò ní gbogbo mẹkáníìkì ni olè o, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú iṣẹ́ náà.)

Ọ́ìlì tẹ́ ẹ máa rọ, kì í ṣe gbogbo èyí tó bá ṣáà ti pupa. Type T-IV ni Corolla tèmi ń mu, Dexron ni ti Camry 1999. Ẹ má rọ ọ́ jù náà, á máa yọ fóòmù, páálí á tún padà máa yọ̀. Gééjì náà lẹ fi máa mọ̀, mo tún ti sọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọkùnrin kan ní àwọn á fi okùn so ó mọ́ bọ́ọ̀sì wọ́ ọ dé Ṣágámù. Mo kọ̀, ìyá ọkọ mi ní onínàákúnàá ni mí, pé owó towing van ò tiẹ̀ tún kéré. Táyà iwájú ló ń wa Corolla, tẹ́ ẹ bá wọ́ ọ nílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, gíà á máa yí láìsí ọ́ìlì tó ń lọ káàkiri inú ẹ̀, èyí tí ò tíì bàjẹ́ á wá bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ ní kí wọ́n gbé iwájú ẹ̀ sókè.