Ẹ ti máa wá arọ́pò kípà yín nígbà tó ṣì ń mú u dáadáa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn họ́kì orí yìnyín bíi tèmi, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n fi tíìmù kan lé lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ tíìmù àwọn àgbàlagbà tó ń gbá a lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi. Ẹ má dúró dìgbà tí góòlù bá ń wọlé yàà kẹ́ ẹ tó ronú ẹni tó máa gba ipò kípà yín. Ìgbà tó ṣì ń mú u, tí gbogbo èèyàn ṣì ń pàtẹ́wọ́ fún un, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ ti ní ẹlòmíì nílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń jọ ìwà àìmoore lójú àwọn kan, àmọ́ ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bá wọn bójú tó tíìmù kan ní Kánádà níbí, mi ò sì kì í jẹ́ kí eré NHL, líìgì họ́kì tó ga jù, kọjá mi, ohun kan náà ni mò ń rí níbi méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kípà ò rí bíi tàwọn tó ń gbá a níwájú o. Fọ́wọ́ọ̀dù tó bá ti ń dàgbà, ẹsẹ̀ ẹ̀ á kọ́kọ́ dín kù, kóòṣì á gbé e kúrò ní láìnì kìíní, ìyẹn àwọn fọ́wọ́ọ̀dù tó ń gbá a jù, lọ sí ìkẹta, wọ́n á dín mínítì ẹ̀ kù, ó lè fi ọdún mẹ́ta mẹ́rin máa rọra sọ̀ kalẹ̀ báyẹn kó sì ṣì wúlò fún wọn. Kípà ò ní láìnì ìkẹta kankan tó máa sá lọ. Àwọ̀n kan ló wà, ẹnì kan ló ń dúró níwájú ẹ̀. Ohun tó tún jẹ́ kó ṣòroó rí ni pé ojú àti làákàyè ni kípà fi ń ṣiṣẹ́ jù, ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ ti mọ ibi tí pọ́kì, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, máa gbà wá kí ẹni tó fẹ́ ta á tó gbé ọ̀pá sókè. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà yẹn ló sì máa ń bo àìlera ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ fúngbà pípẹ́, títí dọjọ́ tí kò ní lè bò ó mọ́.

Wọ́n á ní ṣebí kípà kì í tètè gbó. Wọ́n á dárúkọ Johnny Bower tó di kípà Toronto lẹ́ni ọdún 33 lọ́dún 1958, tó sì tún bá wọn gba Stanley Cup, ife ẹ̀yẹ NHL, lọ́dún 1967 lẹ́ni ọdún 42, òun àti Terry Sawchuk tó jẹ́ ẹni ọdún 37 ni wọ́n jọ ń ṣọ́ àwọ̀n. Wọ́n á dárúkọ Tim Thomas tó gba Conn Smythe, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó ṣe dáadáa jù nínú playoff (eré tí wọ́n fi ń du ife lẹ́yìn sáà), ní 2011 lẹ́ni ọdún 37, àti Marc-André Fleury tó gba Vezina, àmì ẹ̀yẹ kípà tó dáa jù lọ́dún, ní 2021 lẹ́ni ọdún 36. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó pẹ́ la máa ń rántí, ta ló ń rántí àwọn tó já lójijì? Braden Holtby gba Vezina ní 2016, ó gba Cup ní 2018, nígbà tó fi máa di 2022 ó ti gbá eré ẹ̀ tó kẹ́yìn ní NHL, ẹni ọdún 32 péré ni. Tuukka Rask fẹ̀yìn tì lẹ́ni ọdún 34. Carey Price náà, ẹni ọdún 34 ló wà nígbà tó ṣọ́ àwọ̀n kẹ́yìn. Torí náà ẹni tó bá ń fi Bower to ètò tíìmù ẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un pé kó rora.

Nǹkan míì tún wà nínú ọ̀rọ̀ Bower yẹn. Nígbà ayé tiwọn, ìdúró ni kípà fi ń mú ọ̀pọ̀ pọ́kì, wọn kì í lọ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà bíi tòde òní. Butterfly ni gbogbo ayé ń ṣe báyìí, kípà á kúnlẹ̀ gbì, á fẹ ojúgun ẹsẹ̀ méjèèjì síta kí páàdì tó fi bo ẹsẹ̀ lè dí ilẹ̀ pa látòpó dé òpó, ó ń ṣe é láìmọye ìgbà lálẹ́ ọjọ́ kan, ó tún ń ṣe jùyẹn lọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, láti kékeré ló sì ti ń ṣe é. Ìgbáròkó ló ń jẹ ìyà ẹ̀. Egungun á máa ha egungun níbi tó ti ń yí, iṣan abẹ́ itan á máa fà. Rask ṣe iṣẹ́ abẹ ìgbáròkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2021, ó padà ní January 2022, eré mẹ́rin péré ló gbá, ní February ó ní òun ò ṣe mọ́. Ìgbáròkó náà ló da Cory Schneider láàmú, kò sì yọ Roberto Luongo náà sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i báyìí ẹ ò ní máa bi ara yín pé ọmọ ọdún mélòó ni kípà wa, ẹ máa bèèrè pé báwo ni ìgbáròkó ẹ̀ ṣe wà.

Bàbá kan ló ń ṣọ́ àwọ̀n fún tíìmù wa, wọ́n mọ iṣẹ́ náà dénú, inú wọn sì dára. Nígbà kan mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ wọn dípò pọ́kì. Kípà tó bá wà lórí orúnkún tó fẹ́ lọ sápá òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé dúró kó fi ti ara ẹ̀ lọ, tó bá sì jẹ́ apá ọ̀tún ló ń lọ, ẹsẹ̀ òsì ni. Bàbá yìí ò lo ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ rárá. Ibi yòówù kí pọ́kì lọ, ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń dìde, ìgbà míì wọ́n á tún fi ọwọ́ tó di ọ̀pá mú ti yìnyín kí wọ́n tó gbéra, torí náà tí wọ́n bá ti pàásì pọ́kì kọjá sápá òsì wọn báyìí, ó ti pẹ́ jù. Kò pẹ́ mo tún rí i pé wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí ẹni yẹn tó ta á, kí wọ́n má bàa sáré kúnlẹ̀, òkè èjìká wá ṣófo. Wọ́n sì ń fà sẹ́yìn wọnú àwọ̀n díẹ̀díẹ̀, torí ẹni tó bá jáde síwájú gbọ́dọ̀ lè padà sẹ́yìn kíá. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, a ṣì ń jáwé olúborí o! Àwọn difẹ́ńdà wa ń fi ara dí i, kò sẹ́ni tó fura.

Ẹ má wulẹ̀ gbára lé nọ́ńbà nìkan torí nọ́ńbà máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wò. Kípà tó ń mú .920, ìyẹn 92 nínú ọgọ́rùn-ún ṣọ́ọ̀tì, tí wọ́n bá ta 30 ṣọ́ọ̀tì sí i, góòlù 2.4 ló máa wọlé. Tó bá ti já sí .905, ó di 2.85. Kò tó ìdajì góòlù kan nínú eré kan, ta ló máa fojú rí ìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á ní oríire ò sí lónìí ni. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kó eré 60 jọ, góòlù 27 nìyẹn, ó tó kí tíìmù pàdánù playoff, ìgbà tó bá sì fi hàn kedere nínú ìwé, sáà ti parí. Ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo bí owó ṣe ń dì wọ́n lọ́wọ́. Montreal fún Price ní kọ́ńtíráàtì ọdún mẹ́jọ, mílíọ̀nù 84 dọ́là, ní 2017, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní sáà 2018 sí 2019, ìgbà tó ti pé ọdún 31. Ó gbé wọn dé fáínàlì ní 2021 lóòótọ́, mi ò lè gbàgbé bó ṣe ṣọ́ àwọ̀n nínú playoff yẹn láéláé, àmọ́ eré márùn-ún péré ló gbá ní sáà tó tẹ̀ lé e, orúnkún ò jẹ́ kó padà mọ́. Vancouver ní tiẹ̀ fún Luongo ní ọdún méjìlá ní 2009. Wọ́n ní Luongo, wọ́n ní Schneider, wọn ò tètè pinnu ẹni tí wọ́n fẹ́, kí ọdún kan tó pé wọ́n ti pàdánù àwọn méjèèjì, Schneider lọ sí New Jersey ní June 2013, Luongo lọ sí Florida ní March 2014. Nígbà tí Luongo sì fẹ̀yìn tì ní 2019, òfin líìgì tún bu nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ́dọọdún fọ́dún mẹ́ta lára owó tí Vancouver lè ná sórí àwọn tó ń gbá a fún wọn. New Jersey tó gba Schneider kó rọ́pò Martin Brodeur náà fún un ní ọdún méje, mílíọ̀nù 42, wọ́n sì sanwó fún un kó máa lọ ní 2020. Ẹ rí i pé arọ́pò náà lè já. Èmi o, kọ́ńtíráàtì ọdún méje mẹ́jọ fún kípà tó ti lé ní 30, mi ò lè fọwọ́ sí i láé, ọdún mẹ́ta mẹ́rin ti tó.

Ẹni tó ṣe é tó wù mí ni Nashville. Wọ́n mú Juuse Saros nínú dráfùtì 2013, ìyẹn ibi tí àwọn tíìmù ti ń yan àwọn ọ̀dọ́, wọ́n jẹ́ kó máa dàgbà lẹ́yìn Pekka Rinne, ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, ó ń gba eré díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Rinne gba Vezina ní 2018 lẹ́ni ọdún 35, Saros ti wà lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ lọ́dún yẹn. Nígbà tí Rinne wá fẹ̀yìn tì ní 2021, wọn ò sáré kiri wá ẹnikẹ́ni. New York Rangers náà, 2014 ni wọ́n ti mú Igor Shesterkin, ní ìpele kẹrin, January 2020 ló tó gbá eré àkọ́kọ́, kí ọdún yẹn tó parí wọ́n ti jẹ́ kí Henrik Lundqvist máa lọ. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín ẹ̀. Kípà máa ń pẹ́ kó tó pọ́n, ẹni tẹ́ ẹ máa nílò lọ́dún márùn-ún òní, àfi kẹ́ ẹ ti mú un báyìí.

Àwọn kan á ní kí ló dé táa fi máa fi nǹkan ṣòfò sórí arọ́pò tó lè má wúlò. Kì í ṣòfò. Florida fún Sergei Bobrovsky ní mílíọ̀nù 70 ní 2019, ọdún yẹn náà ni wọ́n mú Spencer Knight ní ipò 13. Bobrovsky kọ̀, kò já, ó gba Cup ní 2024, ó tún gba òmíì ní 2025 lẹ́ni ọdún 36. Knight wá ńkọ́? Wọ́n fi í sára ohun tí wọ́n fi gba Seth Jones lọ́wọ́ Chicago ní March 2025, Jones sì wà nínú tíìmù tó gba Cup kejì yẹn. Detroit náà ní 2008, Dominik Hasek ti di ẹni ọdún 43, lẹ́yìn eré mẹ́rin nínú playoff wọ́n gbé Chris Osgood síbẹ̀, òun ló sì gbé wọn dé ibi Cup. Ká ní wọn ò ní Osgood tó ti gbaradì ńkọ́?

Ẹ tún jẹ́ kí àgbà máa sinmi. Brodeur gbá eré 78 nínú 82 ní sáà 2006 sí 2007, irú ẹ̀ ò sí mọ́, tí kípà bá gbá 60 lónìí wọ́n á ní ó ti pọ̀. Boston tó jáwé olúborí nígbà 65 ní sáà 2022 sí 2023, Linus Ullmark àti Jeremy Swayman ni wọ́n jọ ń pín in. Nílé wa níbí, a ò jẹ́ kí bàbá gbá eré ọjọ́ méjì tẹ̀ léra wọn mọ́, ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn wọn ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀tì ìdánrawò. Eré gidi ni kẹ́ ẹ fún ọ̀dọ́ yẹn o, ẹ má ṣe é lẹ́ni tó ń wọlé nìkan nígbà tí wọ́n bá ti na yín 6 sí 1.

Ìgbà ìsinmi, lẹ́yìn sáà, la jókòó bá bàbá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ irú ẹ̀ láàárín sáà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Wọn ò bínú. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè ni pé ká máa sọ fún wọn ó kéré tán lọ́jọ́ tó ṣáájú eré bóyá àwọn ló máa dúró, torí wọ́n nílò àkókò láti na ìgbáròkó wọn dáadáa, wọn ò lè kàn dìde wọ páàdì bíi tàtijọ́. A gbà. Àtìgbà yẹn a máa ń fi orúkọ kípà ránṣẹ́ sí gbogbo tíìmù lálẹ́ tó ṣáájú eré, ọ̀dọ́ yẹn náà sì ti sọ fún mi pé òun ń sùn dáadáa látìgbà tóun ti ń mọ̀ ṣáájú.