Ẹ bá mi dúpẹ́: ìjà ni Àlàájà ń bọ̀ wá jà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbé Jésù ga. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ò ti gbóhùn mi níbí. Àwọn kan ń bèèrè aṣọ tí wọ́n gbé fún mi rán, àwọn kan ń bèèrè èmi fúnra mi. Mo mọ ẹni tó bèèrè èwo, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀ òní. Èmi àti àwọn ìbejì mi wà láàyè.

Kí n tó sọ bó ṣe jẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ẹ rántí ohun tí mo kọ síbí lóṣù Kejìlá, nípa aládùúgbò tí iná tó ń tàn nílé ẹni ń ta lójú. Mo fi Sáàmù 35 sí i nídìí, mo ní kí Ọlọ́run bá àwọn tó ń bá mi jà jà. Ẹ rọ́jò Àmín lé e lórí. Mo ka Àmín yẹn títí mo fi sùn lọ. Ó dáa, Àlàájà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa ni mò ń bá wí. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ mí kò ju pé ó ní èéfín jẹnẹrétọ̀ mi ń wọ yàrá òun, pé kí n jọ̀ọ́ gbé e jìnnà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta ó pariwo, èmi náà pariwo, àwọn ayálégbé tó kù sì jáde wá wòran. Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀" wa kò ti ètè kọjá.

Jẹnẹrétọ̀ náà, ẹ mọ̀ ọ́n, èyí kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I pass my neighbour". Kò lè gbé áyọ́ọ̀nù, kò lè gbé fíríìjì, ṣùgbọ́n ó ń gbé fáànù kan, gílóòbù méjì àti mọ́tò máṣíìnì mi. Mo sì gbà fún orúkọ rẹ̀ lóòótọ́. Bí ilé bá ṣú, tí tèmi bá tàn, mo máa ń rò pé mo ti borí ẹnì kan.

Lọ́dún 2025, ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí àti Lẹ́ńtì tiwa wọnú ara wọn: 1 oṣù Kẹta ni tiwọn bẹ̀rẹ̀, tiwa tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 5. Èmi ń gbààwẹ̀ lọ́tùn-ún, Àlàájà ń gbààwẹ̀ lósì, a ò sì jọ ń sọ̀rọ̀. Aṣọ ẹbí méjìlá wà lọ́rùn mi tí wọ́n fẹ́ fi sìnkú lọ́jọ́ Ẹtì. Ní ṣọ́ọ̀bù, iná ti lọ láti ọjọ́ mẹ́rin. Mo di gbogbo rẹ̀, mo gbé e wálé ní Òkè-Bàálẹ̀, l'Óṣogbo, mo ní màá rán an mọ́jú bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Òru ọjọ́ náà ni òjò àkọ́rọ̀ dé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí, àmọ́ wọ́n ti jí ti ayálégbé ìsàlẹ̀ lóṣù Kìíní, òjò sì ń fẹ́ wọlé. Mo wọ́ ọ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín yàrá àti ilé ìdáná. Mo ti gbogbo wíńdò nítorí òjò. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ díẹ̀ kí èéfín lè máa ráyè jáde, mo rò pé mo ti gbọ́n. Afẹ́fẹ́ wá, ó gbá ilẹ̀kùn náà dé lẹ́yìn mi, ariwo máṣíìnì ò jẹ́ kí n gbọ́. Àwọn ọmọ ti sùn lábẹ́ fáànù. Mo ní tó bá di agogo mọ́kànlá màá pa á, torí epo ti lé ní 800 náírà lítà kan, ta ni yóò máa jó o dàánù? Apá aṣọ kan ni mò ń rán lọ́wọ́. Ìyẹn ni ohun ìkẹyìn tí mo rántí.

Nígbà tí mo lajú, orí mi ń lù bí ẹni ń gúnyán nínú rẹ̀. Táyé ti bì. Mo rò pé ẹ̀wà tí a fi ṣínu ni. Mo ní kí n dìde, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Kì í ṣe pé ó ń dùn mí, ó kàn kọ̀ ni, bí ẹni pé ẹlòmíì ló ni ín. Mo dojúbolẹ̀ lórí aṣọ òkú wọn.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ níta. "Ìyá Ìbejì! Ìyá Ìbejì!"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n kọ́ wa láti kékeré: bí wọ́n bá pè ọ́ lóru, má dáhùn. Ìyá mi kọ́ mi. Oníwàásù kan tún wá fi àdúrà dì í fún wa ní ìsọjí tó kọjá, ó ní gbogbo ohùn tó bá ń pe orúkọ wa lóru, kí ó máa pe olúwa rẹ̀ lọ. Mo di ẹnu mi. Mo tilẹ̀ gbìyànjú láti sọ pé kí ohùn náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an. Ohùn Àlàájà ni mo sì gbọ́ dáadáa, mi ò ṣì í mọ̀. Pé ohùn rẹ̀ ni gan-an ló jẹ́ kí ó dá mi lójú pé kò yẹ kí n dáhùn.

Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Èéfín wà ní gbogbo ilé, ọmọ mi kan wà nínú èébì, èkejì kò mira, ẹni tí yóò yọ wá sì ń kan ilẹ̀kùn. Èmi wà nílẹ̀, mò ń lo ọgbọ́n.

Ó pè títí. Ó gbá ilẹ̀kùn. Ó dákẹ́. Mo rò pé ó ti lọ, ara sì tù mí, kí Ọlọ́run forí jì mí. Ló bá tún gbóhùn sókè: "Ìyá Ìbejì, lórúkọ Jésù tẹ́ ẹ̀ ń pariwo rẹ̀ láràárọ̀, ẹ ṣílẹ̀kùn yìí!"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ́n." Ohùn mi ò ju ti ọmọ ológbò lọ.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló fo fẹ́ǹsì ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ gbá dé, ó di imú, ó wọlé, ó pa jẹnẹrétọ̀. Ó gbé Táyé jáde, ó wọ́ èmi. Àlàájà fúnra rẹ̀ ló wọlé lọ gbé Kẹ́yìndé, tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ náà rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ewé tí wọ́n fi iná rà. A jókòó sínú òjò, Àlàájà fi híjáàbù rẹ̀ bo ọmọ náà, ó ń ṣe Lá ilááha illalláàh, èmi ń pe Jésù, Jésù, lórí ọmọ kan ṣoṣo. Nígbà tí Kẹ́yìndé sín, a jọ kígbe.

Ayálégbé kan ti gbé epo pupa dé. Ẹ ṣeun, a mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Àlàájà gbá ife náà dànù. "Ọmọ tí kò mọ ibi tó wà, ẹ fẹ́ da epo sí i lọ́fun?" Dókítà padà sọ pé ohun tó ṣe yẹn dára, pé epo lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé epo yín jìnnà, ẹ gbé ènìyàn síta.

Ọkọ̀ kòròpé la bá lọ sílé ìwòsàn. Ibi tí a kọ́kọ́ dé, ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní dókítà ò sí, pé kí a tilẹ̀ sọ iye tí a mú dání ná. Mi ò ní dárúkọ wọn. A gba Ọlá-Ìyá kọjá nínú òkùnkùn, ibi tí ènìyàn kì í ráyè fẹsẹ̀ sí lọ́sàn-án, kò sí ẹyọ ọkọ̀ kan níwájú wa.

Ní ibi kejì, nọ́ọ̀sì fi nǹkan kékeré kan há Kẹ́yìndé níka, ó gbé 98 jáde, ó ní afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé. Dókítà ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí léèrè kan péré: "Ṣé inú ilé ni jẹnẹrétọ̀ wà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n gbàgbé 98, irọ́ ló ń pa. Ó ní gáàsì kan wà nínú èéfín yẹn, carbon monoxide, tí kò láwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹ̀jẹ̀ máa ń rọ̀ mọ́ ọn ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ó sì máa ń gba ààyè ọ́síjìn bí àlejò tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì onílé. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé e ṣì máa ń pọ́n dáadáa, nǹkan orí ìka yẹn ò sì mọ ìyàtọ̀. Wọ́n dé ọ́síjìn mọ́ wa nímú. Ó ní bí a bá kàn ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ó lè tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó jáde lára. Pẹ̀lú ọ́síjìn, wákàtí kan sí ọ̀kan ààbọ̀. Dókítà, ibi yòówù kí ẹ wà, ọmọ yín ò ní sùn kó má jí.

Àlàájà ló san owó. Owó aṣọ Ìtúnu Ààwẹ̀ ilé rẹ̀ ni. Èyí tó sì dùn mí jù, mi ò mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́: kò tíì jẹ sààrì nígbà tó jáde síta. Omi lásán kò kàn án lẹ́nu, ó sì gba ààwẹ̀ ọjọ́ náà parí, lórí àga onípákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ mi.

Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, mi ò ní purọ́ nínú ààwẹ̀. Ìjà ni mò ń bọ̀ wá jà." Ó ní òun jí láti dáná sààrì ní agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀, jẹnẹrétọ̀ mi ṣì ń ké. Inú bí i. Ó mọ̀ pé ahun mi kì í jẹ́ kí n tan iná kọjá agogo mọ́kànlá. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sí mi jọ lẹ́nu kí ó tó rí èéfín tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn mi jáde.

Ẹ mọ ìtàn Bàbá Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC, pé awakọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ni wọ́n, pé lọ́dún 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà kọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ìpè. Ẹ̀rọ tó dákẹ́ ni Ọlọ́run fi pe bàbá wa. Èyí tó kọ̀ tí kò dákẹ́ ló fi pe Àlàájà. Àti Sámúẹ́lì kékeré, ẹ ò rí i pé òru ni wọ́n pe òun náà? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sáré dìde lọ bá Élì, "Èmi nìyí". Mo ti kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìtàn yìí fún ọdún mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọjá lórí àwọn yòókù. Ẹni tó fi fóònù pe ọkọ mi láti sọ fún un pé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀, màmá náà ti Ìkìrun wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú adìẹ ààyè, ọ̀sẹ̀ kan ló fi fọ aṣọ wa. Ẹni tó ní ọfà ni, tó ní kí n mú òróró méje wá, epo bẹntiróò ni o, mo fi ọwọ́ ara mi rọ ọ́. Oníbàárà tó ní kí n dá owó òun padà nígbà tí ọ́síjìn wà nímú mi, mo ti fi í ránṣẹ́, ẹ wo àkáǹtì yín. Bàbá Ìbejì, ìbéèrè àkọ́kọ́ yín lórí fóònù ni "Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?" Mo ti forí jì yín. A ó tún sọ ọ́ tí ẹ bá dé.

Ẹ̀yin tó kù, bí òjò ń rọ̀, bí olè ń jà, ẹ má gbé e wọlé. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe ilé ìdáná, kì í ṣe "mo ṣí wíńdò sílẹ̀". Ẹ gbé e jìnnà sí ilé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí ibòmíì, kì í ṣe wíńdò aládùúgbò. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jáde ná, ẹ gbàdúrà níta.

A ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa bi mí bóyá ó yẹ kí oníhíjáàbù tẹ̀ lé mi débi pẹpẹ. Mo ní kó lọ bi Pásítọ̀. Pásítọ̀ fúnra wọn ló gbé àga sí iwájú fún un. Kò jó, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ṣùgbọ́n nígbà tí Kẹ́yìndé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé e sórí itan, ó sì ń patẹ́wọ́ tọmọtọmọ.

Mo ti ta jẹnẹrétọ̀ náà. Àlàájà ní sólà kékeré kan lórí òrùlé, ó fa wáyà láti ibẹ̀ wá sí yàrá mi, fún gílóòbù kan àti fáànù àwọn ọmọ. Agogo mẹ́wàá lù, ó máa ń pa á. Yóò wá dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú òkùnkùn, yóò pè, "Ìyá Ìbejì! Ẹ lọ sùn!"

Èmi náà yóò dáhùn láti inú ilé, kí gbogbo àdúgbò gbọ́: "Ẹ̀ẹ́n, mà!"